Ó Dákẹ́, Kò Kú

"Sàídátù Ṣàkírù!"

"Wí!"

Tíṣà Ògúndìran gbé ojú kúrò nínú ìwé orúkọ, ó wo ọ̀dọ̀ fèrèsé tí ohùn náà ti wá. "Kí n wí kí ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń lu tábìlì, àwọn kan ń di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Ọmọbìnrin tó dáhùn kò mọ ohun tí òun ṣe. Ní Àbíjàn níbi tí wọ́n bí i sí, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, "bẹ́ẹ̀ ni" sì ni "wí" jẹ́ nínú èdè náà. Ta ni ì bá ti sọ fún un pé ní Èjìgbò, ẹni tó bá ní "wí", ó ń pàṣẹ fún tíṣà rẹ̀ pé kó sọ̀rọ̀?

Tíṣà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tíṣà tán lójú ẹsẹ̀, tàwọn ọmọ kò tán. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti di orúkọ. "Wí, ṣé o ti jẹun?" "Wí, wí nǹkan kí á gbọ́!" Rùkáyátù, olórí àwọn ọmọbìnrin, tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè ju agogo ilé ìwé lọ, ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọmọ burúkú o. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dùn ni, tí òun náà sì mọ̀ pé ẹnu òun dùn.

Láti ọjọ́ náà ni Sàídátù ti pa ẹnu mọ́. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, ọwọ́ ló ń nà sókè. Ó kó ìwé rẹ̀ lọ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, ní igun tí ògiri ti pàdé ògiri, ó ń dá jókòó síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Wí kò wí nǹkan kan mọ́.

Ọdún 1957 ni, nígbà tí ilé ìwé mọ́dàn ṣì jẹ́ ohun tuntun lágbègbè náà. Bàbá Sàídátù, ọmọ Èjìgbò tó ń ta aṣọ ní Àbíjàn, ló fi í ránṣẹ́ sílé lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, pé kó máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òun. Ìyá Ṣàkírù ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá àgbà náà. Ẹ̀wà ló ń tà. Ó fẹ́ràn ọmọ-ọmọ rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ilé wọn sì máa ń pa lọ́lọ́ bíi pé kò sí ẹnì kan níbẹ̀.

Ohun kan wà tí Sàídátù kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ kò lè dárúkọ ikú. Ohun tí Yorùbá ń sọ náà ló sọ: "Ìyá rẹ ti dákẹ́." Ọmọ náà kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà báyẹn rí. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹni tó bá dákẹ́, kò sọ̀rọ̀ ni. Ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀, ó jókòó tì í lórí ẹní, ó ń retí ìgbà tí yóò tún sọ̀rọ̀. Ó retí títí àwọn obìnrin fi wá fà á kúrò níbẹ̀ kí wọ́n lè wẹ òkú. Ojú ń tì í bó bá rántí. Síbẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ ṣì ń retí.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà Ògúndìran gbé àpótí onígi kan wọ kíláàsì. Awò kan ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ń sọ ohun tí ojú kò lè rí di ńlá. Ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn ti ìjọba ló yá ilé ìwé náà ní awò ọ̀hún. Tíṣà bó awọ alùbọ́sà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó kán oje aláwọ̀ sí i, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ awò, ó ní kí wọ́n máa wá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sàídátù ló wò ó kẹ́yìn. Ohun tó rí dà bí agbo ilé oníyàrá púpọ̀, kókó róbótó kan sì wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó wò ó títí. Nígbà tí ojú rẹ̀ wà lórí awò yẹn, kò sí ẹni tó ń pè é ní Wí, kò sì rántí pé òun kò ní ọ̀rẹ́.

"Yàrá kọ̀ọ̀kan là ń pè ní sẹ́ẹ̀lì," ni Tíṣà wí. "Inú kókó yẹn ni gbogbo ohun tí ohun alààyè jogún wà, lórí àwọn fọ́nrán tó tín-ín-rín ju òwú lọ. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń ya àwọn tó ń ṣèwádìí lẹ́nu báyìí. Pé a jogún nǹkan nìkan kọ́ ló ń mú kó ṣiṣẹ́. Ibi tó wà nínú kókó náà ńkọ́? Àwọn ibì kan wà tí fọ́nrán ti ki, tó wé mọ́ra gbági, ọ̀pọ̀ wọn ló rọ̀ mọ́ etí ògiri kókó. Bí ohun àjogúnbá kan bá lọ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó lè dákẹ́. Bó bá tún kúrò níbẹ̀, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun kan náà ni o! Ipò rẹ̀ ló yàtọ̀."

Ó na àgbàdo gbígbẹ kan sókè. Ọwọ́ àgbẹ̀ kan ní Masifa ló ti gbà á. Àwọn hóró kan lára rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò, àwọn kan funfun, àwọn kan sì funfun pẹ̀lú àmì àlùkò tótòtó.

"Ẹ wo alámì yìí. Ó jogún àwọ̀ àlùkò bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Nǹkan kan ló wá jókòó tì í lórí fọ́nrán, ló pa á lẹ́nu mọ́. Bí hóró náà ṣe ń dàgbà, nǹkan yẹn ṣí kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì díẹ̀, àwọ̀ sì tún fọhùn níbẹ̀. Ibi tó ti fọhùn lẹ rí tótòtó yẹn. Àwọ̀ yẹn dákẹ́ ni, kò kú."

Rùkáyátù nawọ́ sókè. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, sà. Nílé tiwa o, ẹni tó bá ti dákẹ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ fún un."

Ẹ̀rín sọ. Tíṣà pàápàá rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ lo sọ. Èdè wa ló ń ṣàánú ẹni, kì í fẹ́ dárúkọ ikú. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ tòní, ẹ jẹ́ kí dákẹ́ máa jẹ́ dákẹ́."

Sàídátù kò rẹ́rìn-ín. Ó fi orí lé tábìlì ní igun rẹ̀, omijé sì ń bọ́ sórí ìwé. Ó mọ̀ pé ìyá òun kò sí lára àwọn tí yóò tún fọhùn. Ó ti dàgbà tó láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà dákẹ́ ni, àbí òun ti kú sí igun yìí?

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbin gbogbo hóró àgbàdo Masifa náà sí ẹ̀yìn ilé ìwé. Bí òjò bá dá, wọ́n á ní kí Wí lọ bomi rin ín, nítorí kò ní bá wọn jiyàn. Kò burú lójú rẹ̀. Ó ń bá àgbàdo sọ̀rọ̀. Faransé ló ń bá wọn sọ, nítorí àgbàdo kì í fi èdè ẹni ṣẹ̀rín.

Tíṣà bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ nǹkan kan. "O ṣé o, Sàídátù. Mo ti fi àgbàdo yìí tó ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn létí. Wọn kò gbà gbọ́ pé a lè rí irú rẹ̀ lágbègbè wa. Ọ̀gá kan ń bọ̀ wá wò ó bí a bá kórè. Bó bá fojú ara rẹ̀ rí alámì, awò yẹn di tiwa. Bí kò bá rí i, yóò gbé awò lọ síbòmíràn, wọn yóò sì máa pè mí ní onírọ́."

Bí Tíṣà ṣe ń lọ, Sàídátù tún bu omi sí ìdí àgbàdo náà. Awò yẹn! Kò sí ohun mìíràn tó fẹ́ nílé ìwé náà.

Àgbàdo gbó, wọ́n ya á, wọ́n sá a gbẹ. Alámì pọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àlejò, Tíṣà ń lọ sí Òṣogbo láti lọ pàdé ọ̀gá náà. Ó sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé: "Ẹ gbálẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú àgbàdo yẹn dáadáa. Bí inú àlejò bá dùn sí iṣẹ́ wa, a ó jẹ èrè rẹ̀." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ìyẹn ni àṣìṣe rẹ̀. Tí èèyàn bá ní kí ọmọbìnrin Èjìgbò tọ́jú àgbàdo de àlejò, kí ló rò pé yóò ṣe? Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í gbé ohun tí a kò ṣà síwájú ẹni tó juni lọ. Rùkáyátù tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọ̀dán, ó kó àwọn ọmọbìnrin jọ.

"Ẹ jẹ́ ká yin ín, ká ṣà á. Ẹ ò rí èyí tó ní àmì bí ẹni tí ìgbóná mú? Ṣé ká gbé ìyẹn síwájú ọ̀gá ni? Wọ́n á ní ọmọ ọ̀lẹ ni wá." Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ẹni tó dá dúró lẹ́bàá ògiri. "Sàídátù! Wá, jókòó tì mí. Ilé ẹ̀wà lo ti wá, ìwọ lo mọ nǹkan-án ṣà jù."

Sàídátù! Kò pè é ní Wí. Àwọn yòókù sún mọ́ra, àyè sì ṣí sílẹ̀ láàárín ẹní gan-an.

Ó mọ̀. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló mọ ohun tí àlejò ń bọ̀ wá wò. Ó jókòó, ó ya ẹnu. "Rùkáyátù..."

"Kí ni, ọ̀rẹ́ mi?"

Gbogbo wọn kọjú sí i, ojú wọn sì tutù. Kò sí ẹni tó fojú báyẹn wò ó rí láti ọjọ́ tó ti dé Èjìgbò. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì.

"Kò sí nǹkan," ló wí. "Ẹ gbé igbá kan sún mọ́ mi."

Wọ́n yin àgbàdo, wọ́n ń ṣà á. Wọ́n bi í bóyá lóòótọ́ ni òkun ń hó lójoojúmọ́ ní Àbíjàn, ó sọ fún wọn. Ó sọ bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń fọn fèrè. Ó fi Faransé kí Rùkáyátù, wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dùn ún. Bí wọ́n ṣe ń da alámì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni adìyẹ ń ṣà á jẹ, kò sì ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n tú ká, àwo funfun àti àwo àlùkò mọ́ tónítóní, èèyàn á fẹ́ bù wọ́n jẹ.

Lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, Ìyá Ṣàkírù ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ fìtílà. Sàídátù jókòó tì í, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀.

"Ìyá àgbà, àwọn tí ẹ yọ sọ́tọ̀ yẹn, ṣé kò sí ohun rere nínú wọn ni?"

"Ó lè wà. Ojú ni mo fi ń ṣà á, n kò rí inú rẹ̀." Arúgbó náà dáwọ́ dúró, ó tẹjú mọ́ ọmọ náà. "Kí ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn?"

"Kò sí, mà."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n má gbàgbé o: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Sàídátù lọ sùn, àmọ́ oorun kò wá.

Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ, ọ̀gá láti ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn, dé ní òwúrọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó de fìlà pẹlẹbẹ kan. Inú Tíṣà ń dùn, ó fúnra rẹ̀ lọ ṣí aṣọ lórí àgbàdo náà. Ó rí àwo funfun. Ó rí àwo àlùkò. Ó gbé aṣọ náà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tí ń wá nǹkan lábẹ́ rẹ̀.

"Àwọn alámì ńkọ́?"

Rùkáyátù wo ojú Tíṣà, ẹ̀rù bà á, ẹnu tó dùn sì ṣi í lọ́nà. Ó dìde. "Kò sí alámì kankan nínú wọn, sà. Bí a ṣe yin ín náà nìyẹn."

Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ mí kanlẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Èèyàn máa ń ka nǹkan nínú ìwé, á wá dà bíi pé òun rí i lóko."

Ojú Tíṣà rẹ̀wẹ̀sì, ó ń wo àwo méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ó wo igun ẹ̀yìn. "Sàídátù, ìwọ lo bomi rin ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ǹjẹ́ o rí alámì nínú àgbàdo yìí?"

Rùkáyátù yíjú padà, ó ń fojú bẹ̀ ẹ́. Àyè orí ẹní wà nínú ojú yẹn, ọ̀rẹ́ wà nínú rẹ̀. Bí Sàídátù bá ní "rárá", òun náà di ọmọ ilé. Jìnnìjìnnì bò ó, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sì ni èyí tó ti sin:

"Wí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín kúẹ́. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́," ló wí pẹ̀lẹ́. "Ó yá, wí i."

Ọmọ náà kúrò ní igun. Ó rìn gba àárín bẹ́ǹṣì kọjá títí ó fi dé iwájú tábìlì. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Alámì wà níbẹ̀, sà. Ó pọ̀. Àwa la ṣà á kúrò nítorí àlejò, adìyẹ ló jẹ ẹ́. Àwọn yòókù kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bọ̀ wá wò. Èmi mọ̀. Mo mọ̀, mo sì bá wọn ṣà á."

Rùkáyátù kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ nawọ́ sí Sàídátù.

"Ọmọ yìí kò purọ́, mo gbà á gbọ́," ni ọ̀gá náà wí fún Tíṣà. "N kò tún ní sọ pé ẹ parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú rí nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí."

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbé àpótí onígi náà sínú ọkọ̀. Sàídátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó títí eruku fi bo ọkọ̀ náà lójú rẹ̀.

Tíṣà ní kí gbogbo wọn ro oko ilé ìwé. Ó pe Sàídátù sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ wúwo ju tiwọn lọ. Àìmọ̀ ló ṣe wọ́n. Ìwọ mọ̀, o dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tí o sọ lónìí, ká ní àná lo sọ ọ́, awò wa ì bá wà níbí." Ó dùn ún wọra, nítorí òótọ́ ni. Tíṣà wá bu hóró funfun díẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Gbin ìwọ̀nyí bí òjò ìkẹyìn bá dé. Ojú là ń fi wo funfun wọn. Ó lè jẹ́ pé àwọ̀ wà nínú àwọn kan tó dákẹ́. N kò mọ̀. A ó rí i."

Àwọn ọmọbìnrin náà kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní òun ló tú wọn fó níwájú àlejò. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ ọ̀dán, àyè kò sì sí fún un lórí rẹ̀. Ìdánìkanwà náà padà wá, ó tilẹ̀ korò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ó ti mọ bí ẹgbẹ́ ṣe ń dùn. Àmọ́ kò padà sí igun. Ó kó ìwé rẹ̀ lọ sí bẹ́ǹṣì àárín, ó dá jókòó síbẹ̀, bí Tíṣà bá sì béèrè ọ̀rọ̀, ó ń dáhùn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Ó sú wọn.

Òjò ìkẹyìn dé, ó gbin hóró funfun náà. Nígbà tí wọ́n gbó, ó lọ ń bó wọn wò lóun nìkan. Èkíní funfun. Èyí tó tẹ̀ lé e funfun. Ó bó òmíràn, ó sì rí i, láàárín àwọn hóró funfun gan-an: àmì àlùkò, tótòtó.

"Ẹ wá wò ó!" Kò mọ̀ pé òun lè pariwo tó bẹ́ẹ̀. "Ẹ wá o!"

Rùkáyátù, tó ń ro ìkángun kejì oko náà, ló kọ́kọ́ dé. Ó wo àgbàdo náà. Ó fi ìka kan àmì náà.

"Ó fọhùn," ló wí nígbẹ̀yìn. Ó rọra wo ojú Sàídátù. "Èmi ni mo parọ́ lọ́jọ́ yẹn, tí mo sì wá ń bínú sí ẹ. Má bínú. Ta ni yóò sọ fún Tíṣà?"

Sàídátù na àgbàdo náà sí i. "Ìwọ ni. Wí i."

Wọ́n jọ gba ọ̀nà kíláàsì lọ. Awò kò tíì padà, bóyá kò tilẹ̀ ní padà mọ́; ìyẹn ni iye tí ìdákẹ́ ọ̀sán kan ná wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹ bá ní òótọ́ lẹ́nu, ẹ má gbé e mì nítorí àyè orí ẹní. Ẹni tí igun pa lẹ́nu mọ́ kò tíì kú. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò dìde kúrò ní igun náà, kí ó tó lè fọhùn.